Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Afẹ́fẹ́ Òkè Mọ̀ Bóyá Ìjì Ọ̀sán Máa Dé Abẹ́òkúta

Aago méjì ọ̀sán ni, lẹ́yìn ọjà Ìtòkú, nínú oṣù kẹrin. Àdìrẹ tó lé ní ọgbọ̀n wà lórí okùn àti lórí àpáta, aró wọn ò tíì gbẹ. Apá Ọbańtoko ti ṣú bí ìdí ìkòkò. Ẹnì kan na ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ yìí ń ti òjò yẹn padà síbi tó ti ń bọ̀ ni." Atẹ́gùn ọ̀hún sì ń fẹ́ lóòótọ́. Láti ọ̀nà Láfẹ́nwá ló ti ń bọ̀, ó forí lé ibi tó ṣú gan-an. Kò tó ogójì ìṣẹ́jú tí a fi ń ṣa aṣọ nínú gọ́tà.

Èmi ni mo na ọwọ́ yẹn. Màmá Ìtòkú, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ni aṣọ, ò bá mi jà. Ó kàn gbé bàsíà fún mi, ó ní kí n fọ ẹrẹ̀ ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí mo ṣì mú lọ́jọ́ náà ni ọ̀pọ̀ wa ń ṣì mú títí dòní. Atẹ́gùn tó ń kan ojú wa nílẹ̀ kọ́ ló ń gbé ìjì kiri. Oúnjẹ ìjì ni. Èyí tó ń gbé e kiri wà ní nǹkan bíi kìlómítà 3 sí 4.5 lókè orí wa, ìlà-oòrùn ló sì ti máa ń wá. Ẹni tó bá fẹ́ sá aṣọ, tó fẹ́ sá láfún, tó fẹ́ gbé kánópì kalẹ̀ fún ìnáwó, tàbí tó ń kan páànù lọ́wọ́, òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀

- Fóònù tó ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Windy, áàpù ojú ọjọ́ kan, ni mo ń lò, torí ó ń jẹ́ kí èèyàn yan gíga tó fẹ́ wo afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Ojúlé earth.nullschool.net náà dára.
- Àwòrán sátẹ́láìtì. Ó wà nínú Windy náà. Sátẹ́láìtì Meteosat ló ń ya ojú ọ̀run ilẹ̀ Áfíríkà látòkè, kì í sì í pẹ́ kí àwòrán tuntun tó jáde.
- Ìwé àti bírò. Ẹ má fi orí rántí.
- Ibi gbangba kan tẹ́ ẹ ti lè rí ìlà-oòrùn láìsí ilé tó dí i.
- Nọ́ńbà fóònù ẹni méjì: ọ̀kan n'Ìbàdàn, ọ̀kan ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí Òṣogbo. Àwọn wọ̀nyí wúlò ju dátà lọ, ẹ máa rí i níwájú.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ìlà-oòrùn yín, kẹ́ ẹ sì tún fóònù ṣe

Ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ ti máa ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ mú ohun kan tó dúró gbọnyin ní ìlà-oòrùn: òpó nẹ́tíwọ̀kì, ilé gogoro, igi àràbà. Ẹ ṣe bákan náà fún gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ẹni tí kò bá dá a lójú, kó lo kọ́ńpáàsì inú fóònù. Fún wa l'Ábẹ́òkúta, títì Ìbàdàn tó gba Ọ̀dẹ̀dá kọjá kọrí sí àríwá ìlà-oòrùn. Ìjẹ̀bú-Òde wà ní ìlà-oòrùn, ó yẹ̀ díẹ̀ sí gúúsù. Àárín ibi méjèèjì yìí ni ẹnu ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ìjì ń gbà wọlé tọ̀ wá.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Windy, kẹ́ ẹ yí òṣùwọ̀n eré afẹ́fẹ́ sí km/h. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ lórí kt (nọ́ọ̀tì, òṣùwọ̀n eré àwọn awakọ̀ òfuurufú), 20 tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀ jẹ́ 37 ní kìlómítà, ẹ̀ẹ́ sì rò pé afẹ́fẹ́ ò lágbára.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ la fi ń pè é, kì í ṣe ibi tó ń lọ. Afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn ń ti ìlà-oòrùn bọ̀, ìwọ̀-oòrùn ló ń lọ. Tí nọ́ńbà ìwọ̀n bá jáde, 90 túmọ̀ sí pé láti ìlà-oòrùn ló ti wá, 225 sì jẹ́ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Àmọ́ àwọn ìlà kéékèèké tó ń sáré lórí máàpù ń fi ibi tó ń lọ hàn. Ẹni tó bá po méjèèjì pọ̀ á ka gbogbo nǹkan ní ìdàkejì.

Aago náà ńkọ́? Tí ojúlé tẹ́ ẹ ń lò bá kọ UTC, ẹ fi wákàtí kan kún un. 12:00 UTC jẹ́ aago kan ọ̀sán níbí.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí: ẹ tẹ Abẹ́òkúta lórí máàpù, kẹ́ ẹ ka afẹ́fẹ́ ilẹ̀, kẹ́ ẹ wá jáde lọ wo aṣọ orí okùn. Tí aṣọ bá ń fẹ́ lọ síbi tí ìlà inú fóònù ń lọ, ẹ ti mú un. Tó bá yàtọ̀ pátápátá, ẹ tún kọ́ńpáàsì wò kẹ́ ẹ tó tẹ̀ síwájú. Láàárín ilé púpọ̀, ògiri máa ń yí atẹ́gùn po, nítorí náà gbangba ni kẹ́ ẹ ti wò ó.

Ìgbésẹ̀ 2: Láàárọ̀, ẹ ka ilé alájà mẹ́ta

Ojú ọ̀run ìgbà òjò dà bí ilé alájà mẹ́ta tí ayálégbé kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀. Láago 7 àárọ̀, ẹ sún gíga inú Windy lọ sókè díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ohun tó máa jẹ́ láago 1 ọ̀sán àti láago 4 ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀.

Àjà ìsàlẹ̀, 900 m. Nígbà òjò, gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti ń wá. Òkun ló ti gòkè wá, ó lómi nínú, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yára. Òun ni èyí tó ń kan ojú wa.

Àjà àárín, 3000 m àti 4200 m. Ẹ ka méjèèjì. Afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn ló ń gbé ibẹ̀, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ sì ń pè é ní African Easterly Jet. Ohun tó bí i ni pé aṣálẹ̀ Sàhárà ń gbóná janjan lápá àríwá nígbà tí etí òkun wa tutù ju ibẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ òoru àti òtútù yẹn ló ń sọ ọ́ di alágbára. Níbi tó bá ti le jù, ó máa ń sáré tó kìlómítà 36 sí 54 ní wákàtí kan. Òun ni ẹ ń wá.

Àjà òkè, 11.7 km. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, ìlà-oòrùn ni ibẹ̀ náà ti máa ń fẹ́, ó sì máa ń yára ju ti àárín lọ. Apá Íńdíà ló ti ń bẹ̀rẹ̀, tó fi ń rìn dé ọ̀dọ̀ wa. Lóṣù kẹta àti ìkẹrin, ó lè jẹ́ ìwọ̀-oòrùn ni ẹ máa bá a.

Ohun tó máa wà nínú ìwé yín kò ju báyìí lọ: "Aago 4. 900 m: gúúsù ìwọ̀-oòrùn, 15. 3000 m: ìlà-oòrùn, 40. 4200 m: ìlà-oòrùn, 38. Òkè: ìwọ̀-oòrùn, 20."

Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà àjà òkè dẹ́rù bà yín. Lóṣù keje, èèyàn lè rí 70 níbẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ sí kó aṣọ wọlé. Àjà òkè kì í gbé ìjì wá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé ó ń tẹ́ orí ìkùukùu lọ bí olú tó la orí, afẹ́fẹ́ tó ń gòkè á sì rí ibi tú sí. Ó ń ran ìjì lọ́wọ́ ni, òun kọ́ ni awakọ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé fóònù ò purọ́? Ẹ fi ojú wò ó. Ẹ fara ti ògiri, kẹ́ ẹ fi etí òrùlé ṣe àmì, kẹ́ ẹ má mi orí. Àwọn ìkùukùu kéékèèké tó rí bí òwú tí wọ́n já, tó sún mọ́lẹ̀, á máa kọjá láti apá Láfẹ́nwá lọ sí apá Aṣẹ́rò. Ẹ dúró kí àlàfo ṣí láàárín wọn. Nínú àlàfo yẹn, ẹ máa rí òmíràn lókè réré, funfun, tó rí ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ bí ìpẹ́ ẹja, tó ń rọra bọ̀ lódìkejì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi ojú mi rí i, mo rò pé ojú ló ń yí mi. Mo pe Màmá Ìtòkú jáde. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Àṣé òkè ń bọ̀, ilẹ̀ ń lọ." Mi ò tíì rí ẹni tó sọ ọ́ dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ fi ìsàlẹ̀ wé àárín

Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé, ẹ farabalẹ̀ kà á.

Tí oòrùn bá ti pa ilẹ̀, afẹ́fẹ́ olómi á gòkè, á di ìkùukùu, òjò á sì gbára jọ sínú rẹ̀. Ibo ni òjò yẹn máa já sí? Tí afẹ́fẹ́ àárín bá rọ̀, òjò á já padà sórí ibi tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ti ń gòkè gan-an. Ẹni tó da omi inú ìkòkò sórí iná tó fi ń sè é ló jọ: iná á kú. Irú òjò bẹ́ẹ̀ kì í sábà ju ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan lọ, kì í sì í rìn jìnnà. Ó lè rọ̀ ní Kútọ̀ kí Adìgbẹ gbẹ táútáú.

Àmọ́ tí afẹ́fẹ́ àárín bá ń sáré bọ̀ láti ìlà-oòrùn nígbà tí ti ìsàlẹ̀ ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn bọ̀, ìkùukùu ò ní lè dúró ṣánṣán mọ́. Á dà sẹ́yìn. Òjò á máa já lẹ́yìn rẹ̀, lápá ìlà-oòrùn, ojú rẹ̀ tó kọ sí wa á sì máa rí afẹ́fẹ́ olómi tuntun gbé mì. Iwájú ń jẹun, ẹ̀yìn ń da omi. Iná ò kú. Ìdí nìyẹn tí atẹ́gùn Láfẹ́nwá fi ń fẹ́ lọ bá ibi tó ṣú. Ìjì ló ń fà á mu. Tẹ́ ẹ bá rí i pé atẹ́gùn ilẹ̀ kọrí sí òjò, tó sì ń le sí i, ẹ má ṣe rò pé ó ń lé e lọ.

Irú ìjì bẹ́ẹ̀ máa ń so pọ̀ mọ́ra wọn, wọ́n á tò láti àríwá sí gúúsù bí ọmọ ogun, ìlà náà á sì lè ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ. Gbogbo rẹ̀ á máa rìn lọ sí ìwọ̀-oòrùn ní nǹkan bíi kìlómítà 40 sí 60 ní wákàtí kan.

Òǹkà tí mo ń lò rèé. Ìrírí tèmi ni, kì í ṣe òfin. Àjà ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ wá láti gúúsù tàbí gúúsù ìwọ̀-oòrùn kí n tó ka ìyókù rárá. Tí àjà àárín bá wà lábẹ́ 20, mo ń sá aṣọ mi. Tó bá wà láàárín 20 sí 30, mo ń sá aṣọ ṣùgbọ́n mi ò rìn jìnnà. Tó bá ti kọjá 30 láti ìlà-oòrùn, mo ti mọ̀ pé tí ìjì bá bẹ̀rẹ̀ níbikíbi láàárín Àkúrẹ́ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ náà, kò ní kú sójú ọ̀nà wẹ́rẹ́.

Ẹ kíyè sí i pé a kì í yọ nọ́ńbà kan kúrò nínú èkejì. Àwọn afẹ́fẹ́ méjèèjì dojú kọ ara wọn ni, a máa pa wọ́n pọ̀ ni. 15 nísàlẹ̀ àti 40 láàárín, ìyàtọ̀ wọn sún mọ́ 50. Ọ̀pọ̀ máa kọ 25 sílẹ̀, wọ́n á sì fọwọ́ rọrí.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà nílẹ̀ kí n tó kúrò níbí. Afẹ́fẹ́ àárín yìí kì í lọ tààrà bí ìṣó. Ó máa ń jà lọ́tùn-ún lósì bí okùn tí wọ́n gbọ̀n, ìgbì kan á sì kọjá lórí wa láàárín ọjọ́ 3 sí 5. Ìdí rèé tí ìjì ńlá fi lè jà lónìí kí ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e parọ́rọ́. Àwọn kan nínú ìgbì wọ̀nyí ń bá ọ̀nà wọn lọ kọjá Sẹ̀nẹ̀gà sórí òkun Àtìláńtíìkì, níbi tí díẹ̀ nínú wọn ti ń di ìjì ńlá tó ń ká ilé lórí lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà.

Ìgbésẹ̀ 4: Ṣé oúnjẹ wà nílẹ̀? Ṣé afẹ́fẹ́ gbígbẹ wà láàárín?

Èyí ò gba àkókò. Nínú Windy, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ CAPE sí. Òun ni agbára tí òoru àti omi inú afẹ́fẹ́ ti kó jọ. Lábẹ́ 500, ilé ò kún. Tó bá ju 1000 lọ, oúnjẹ wà. Tó bá ju 2000 lọ, tí àjà àárín sì ń sáré, ẹ ti mọ èyí tó kù.

Lẹ́yìn náà ẹ wo ọ̀rinrin ní 3000 m. Èyí ni ọ̀pọ̀ ń fò, bẹ́ẹ̀ òun ló ń sọ bóyá òjò lásán ló ń bọ̀ tàbí ìjì tó ń ká páànù. Tí afẹ́fẹ́ àárín bá gbẹ (èmi ń lo ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún bí ààlà), yóò wọ inú òjò tó ń já, omi òjò á máa gbẹ sínú rẹ̀, òtútù á sì mú un. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí amù nìyẹn: amù tó ń làágùn ló ń mú omi tutù. Afẹ́fẹ́ tó bá ti tutù ti wúwo. Á já wálẹ̀ gbì, á gbé eré àjà àárín dání bọ̀, á sì fọ́n ká síwájú ìjì. Òun ló ń ṣí òrùlé kí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ tó já. Tí àjà àárín bá rin gbindin, òjò lè pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀fúùfù rẹ̀ kì í sábà le.

Ẹ wò ó, mi ò tíì sọ̀rọ̀ nípa ìdá òjò tí fóònù máa ń kọ, "70 nínú ọgọ́rùn-ún" tí gbogbo èèyàn ń fi lọ ara wọn nínú WhatsApp. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fò ó ni. Kọ̀ǹpútà mọ afẹ́fẹ́ òkè ju bó ṣe mọ òjò lọ. Afẹ́fẹ́ àjà àárín fẹ̀ gan-an, kì í yí padà lójijì, nítorí náà ohun tí wọ́n bá kọ láàárọ̀ sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ibi tí ìjì kan pàtó máa ti hù àti wákàtí tó máa dé, ibẹ̀ ló ti ń kọsẹ̀ jù ní ilẹ̀ wa. Ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ NiMet, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, lórí rédíò náà, ó wúlò, kìkì pé gbogbo ìpínlẹ̀ ló ń bá wí, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé yín.

Ìgbésẹ̀ 5: Láti ọ̀sán lọ, ẹ wá ìjì náà rí kó tó rí yín

Ẹ ṣí àwòrán sátẹ́láìtì, kẹ́ ẹ wo ìlà-oòrùn wa: Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀, Àkúrẹ́, kẹ́ ẹ sì tún wò kọjá ibẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ ń wá ni ìkùukùu ńlá tí etí rẹ̀ lápá ìwọ̀-oòrùn mú ṣáṣá bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Ẹ kọ aago tó wà lára àwòrán sílẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ìlú tí etí náà wà. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ tún wò ó.

Ẹ fi àwọn iye yìí sọ́kàn. Lójú òfuurufú, kì í ṣe ojú títì, Ìbàdàn tó bíi kìlómítà 65 sí Abẹ́òkúta, Ilé-Ifẹ̀ bíi 135, Àkúrẹ́ bíi 200, Lọ́kọ́ja bíi 380.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀kan. Láago 2:00, etí ìjì wà lórí Ilé-Ifẹ̀. Láago 2:30, ó ti sún kìlómítà 25 sọ́dọ̀ wa. Kìlómítà 50 ló ń rìn ní wákàtí kan nìyẹn. Ó ku 110. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú méjìlá ló máa gbà á, aago 4:42 ló máa dé. Ẹ yọ ogún ìṣẹ́jú kúrò torí ẹ̀fúùfù tó ń ṣíwájú rẹ̀: kí aago 4:20 tó lù, kò gbọdọ̀ sí aṣọ lórí okùn.

Ìwọ̀n yìí náà ló ń fún yín ní àyẹ̀wò. Tí ìṣirò bá tọ̀nà, ó yẹ kí Ìbàdàn gbà á ní nǹkan bí aago 3:25. Ẹ pè síbẹ̀ láago 3:30. Ẹ má béèrè pé "Ṣé òjò ń rọ̀?" torí Ìbàdàn tóbi. Ẹ béèrè pé: "Ṣé ẹ̀fúùfù fẹ́ kó tó rọ̀? Láti ibo? Ṣé ó le?" Tí wọ́n bá ní ẹ̀fúùfù tútù ti ìlà-oòrùn wá, ìjì náà ṣì lágbára, kò kú. Tí wọ́n bá ní ó kàn ń wẹ̀ wẹliwẹli, ó ti ń rẹ̀ ẹ́.

Èèyàn méjì ni àwòrán yẹn ń tàn jẹ. Ẹni àkọ́kọ́ rí funfun tó ti bo Abẹ́òkúta lórí àwòrán, ó jáde, kò rí òjò, ó ní sátẹ́láìtì purọ́. Kò purọ́. Orí ìkùukùu tí àjà òkè tẹ́ síwájú ló rí. Lóṣù keje sí ìkẹsàn-án ó lè ṣíwájú òjò dáadáa. Ẹ lo àwòrán aláwọ̀ tó ń fi òtútù orí ìkùukùu hàn, kẹ́ ẹ tẹ̀ lé ibi tó tutù jù tí etí rẹ̀ mú. Ẹnì kejì rí ìjì n'Ífẹ̀, ó sọ pé dandan ni. Tí àwòrán kejì bá ṣá ju ti àkọ́kọ́ lọ, tí etí rẹ̀ sì ti ń fẹ́lẹ́, ìjì yẹn ń kú lọ ni. Ẹ padà sí ìwé yín: tí àjà àárín bá wà lábẹ́ 20 láàárọ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ má gbàgbé òru. Ìjì tó ń hù lórí ilẹ̀ gíga apá Jọ́ọ̀sì lọ́sàn-án lè rìn mọ́jú. Èyí tó wà lórí Lọ́kọ́ja láago 6 ìrọ̀lẹ́ lè kan ilẹ̀kùn wa ní nǹkan bí aago 1:30 òru, bó bá rí oúnjẹ jẹ lọ́nà. Ẹni tó bá fi kánópì ìnáwó ọjọ́ Sátidé sílẹ̀ láti alẹ́ Jímọ̀ ni mo ń bá wí.

Ìgbésẹ̀ 6: Ìdajì wákàtí tó kẹ́yìn

Fóònù ti ṣe tirẹ̀. Ẹ gbé e sápò, kẹ́ ẹ wo ìlà-oòrùn.

Ibi tó ṣú á kọ́kọ́ dà bí ògiri. Bó bá ti sún mọ́ tán, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun, dúdú tó jọ aró tí wọ́n ti rẹ aṣọ sí nígbà mẹ́fà, abẹ́ ọrun náà á sì funfun ràkọ̀ràkọ̀: òjò nìyẹn. Atẹ́gùn gúúsù tó ti ń fẹ́ látàárọ̀ á dáwọ́ dúró. Gbogbo nǹkan á pa rọ́rọ́, òoru á mú yín lọ́rùn. Níbí ni wọ́n ti máa ń sọ pé "ó ti lọ." Kò lọ. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, atẹ́gùn á yí, á wá láti ìlà-oòrùn, tútù, pẹ̀lú òórùn eruku tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi ní Ọ̀dẹ̀dá. Òjò sábà máa ń dé láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 15 lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tó lè fò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú: páànù tí wọn ò tíì kàn, tápólì, ṣíà oníke. Aṣọ ló tẹ̀ lé e. Ẹ má di irin kánópì mú pé kó má baà fò. Ẹ̀fúùfù lágbára jù yín lọ, irin sì ni. Ẹ kó àwọn èèyàn kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá wà lórí àpáta níbi tó ti ń sá aṣọ, kó sọ̀kalẹ̀, torí ibi gíga ni mànàmáná máa ń wá. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sá sábẹ́ igi tàbí pátákó ìpolówó.

Tí mànàmáná bá kọ, ẹ máa kà á ní ìṣẹ́jú àáyá títí àrá á fi sán. Mẹ́ta-mẹ́ta jẹ́ kìlómítà kan. Tí òǹkà yín ò bá tó 30, kò tó kìlómítà 10 sí yín, ẹ ti gbọ́dọ̀ wà nínú ilé. Ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn.

Àṣìṣe kan tó kù: bí ìjì bá ti kọjá, òjò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á máa rọ̀ pẹ̀lẹ́ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ni ẹ̀yìn tó ń da omi. Tó bá dáwọ́ díẹ̀, ẹ má tíì kó aṣọ jáde. Ẹ wo ìlà-oòrùn: tí ibẹ̀ bá ti mọ́lẹ̀, ó ti tán. Tí ìwọ̀-oòrùn bá mọ́lẹ̀, ìyẹn ò sọ nǹkan kan.

Oṣù ò rí bákan náà

Láti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, àjà àárín sún mọ́ wa, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ṣì wà nínú rẹ̀, ilẹ̀ sì gbóná. Àkókò tí páànù ń fò jù nìyí. Ẹ má fo ìgbésẹ̀ kankan.

Lóṣù kẹfà àti ìkeje, àjà àárín ti gòkè lọ sí àríwá. Òjò á pọ̀, á pẹ́, ìjì á dín kù. Òǹkà mi ò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, mi ò ní tàn yín jẹ.

Oṣù kẹjọ ní tiẹ̀ burú fún aláró lọ́nà mìíràn: omi òkun tutù, ìkùukùu tó sún mọ́lẹ̀ bo gbogbo ọ̀run láti gúúsù, ọjọ́ ṣú látàárọ̀ dalẹ́, òjò ò rọ̀, aṣọ ò sì gbẹ. Òjò ṣíṣú oṣù kẹjọ ò ní ìjì nínú. Tí àjà àárín bá rọ̀, ẹ fi aṣọ yín sílẹ̀ níta.

Láti oṣù kẹsàn-án títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, àjà àárín á padà wá láti àríwá. Ẹ tún mú ìwé yín.

Lálẹ́, kẹ́ ẹ tó sùn

Níwájú ohun tẹ́ ẹ kọ láàárọ̀, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀: aago tí atẹ́gùn yí padà, aago tí òjò dé, bóyá ẹ̀fúùfù le. Tẹ́ ẹ bá ti ní bí ogún ọjọ́, ẹ wo àwọn tẹ́ ẹ ṣì. Tí ìjì bá sábà ń dé kí aago tẹ́ ẹ ṣírò tó pé, ibi tí òjò wà lórí àwòrán lẹ ń wọ̀n, ẹ̀ ń gbàgbé ẹ̀fúùfù iwájú rẹ̀. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún ohun tẹ́ ẹ ń yọ. Tí wọ́n bá sábà ń kú kí wọ́n tó kọjá Ọ̀dẹ̀dá nígbà tí ìwé yín wí pé wọ́n máa dé, ẹ sún ààlà 30 tèmi yẹn sí 35. Tèmi náà ti kúrò níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. 25 ló wà tẹ́lẹ̀, títí ọjọ́ tí mo mú kí Màmá Ìtòkú kó aṣọ wọlé lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí ẹ̀kán òjò kan ò sì já.